Ẹnubodè Íńtánẹ́ẹ̀tì: Àríyànjiyàn Ogún Ọdún Lórí Òfin Àìṣojúsàájú Ní Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí a bá dí ọ̀nà ìsàlẹ̀ mọ́ yóò gba tòkè, oníbodè tí ó bá sì ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ èrò, èrò yóò pa á tì, wọn yóò gba ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ọjà kan wà láyé òde òní tí ọ̀rọ̀ àgbà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ bá a mu. Ọjà náà ni íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí ìmọ̀ ẹ̀rọ náà ti ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò ní ju ilé-iṣẹ́ kan tàbí méjì lọ tí ó lè fa íńtánẹ́ẹ̀tì tí ó yá wọ ilé wọn. Bí ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dí ọ̀nà, kò sí ibòmíràn tí wọn yóò gbà dé ọjà.

Èyí ni gbòǹgbò àríyànjiyàn tí ó ti lé ní ogún ọdún láàárín àwọn olóṣèlú, àwọn oníṣòwò, àwọn adájọ́ àti àwọn ará ìlú ní Amẹ́ríkà. Ìbéèrè wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ǹjẹ́ ó yẹ kí ìjọba fi òfin de àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ilé, kí wọ́n má baà máa yan ẹrù tí yóò tètè kọjá àti èyí tí yóò dúró? Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ẹni tí ó ni ẹnubodè lè sọ ara rẹ̀ di olúwa ọjà. Àwọn mìíràn ní rárá, nítorí pé ìjọba tí ó bá fi ọwọ́ kan ẹnubodè lónìí lè gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́la. Láti ọdún 2008 títí di ọdún 2025, òfin yìí ti dé, ó ti lọ, ó tún dé, ó sì tún lọ. Ohun tí kò jẹ́ kí ó rí ìdí jókòó ni àlàyé yìí dá lé lórí.

KÍ NI ÀÌṢOJÚSÀÁJÚ?

Bí ènìyàn bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tàbí tí ó ń wo fíìmù lórí fóònù rẹ̀, ohun tí ń lọ tí ń bọ̀ kì í rìn ní odidi. Kọ̀ǹpútà a máa gé e sí wẹ́wẹ́, a máa kọ àdírẹ́sì ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan ń lọ sí i lára, àwọn ẹ̀rọ tí ó wà lójú ọ̀nà a sì máa ta á látaré fún ara wọn títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dé, níbi tí kọ̀ǹpútà mìíràn yóò ti tò wọ́n padà bí wọ́n ti wà. Látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àṣà tí ó gbilẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ojú ọ̀nà kì í bèèrè ẹni tí ó ni ẹrù, kì í sì í tú u wò kí ó tó gbé e kọjá. Ilé ìtajà ńlá àti ọ̀dọ́ tí ó ń ta bàtà láti inú yàrá rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀, ìlànà kan náà ni ó sì de àwọn méjèèjì.

Ohun mẹ́ta ni àwọn alátìlẹ́yìn òfin àìṣojúsàájú ń bẹ̀rù. Èkíní ni dídí ọ̀nà pátápátá mọ́ ìkànnì tàbí ètò kan tí kò bá òfin kankan jà. Èkejì ni mímọ̀ọ́mọ̀ dín eré rẹ̀ kù, kí ó máa fà bí ìgbín títí yóò fi sú ẹni tí ń lò ó. Ẹ̀kẹta ni gbígba owó lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kí ẹrù tiwọn lè ṣáájú ti àwọn tí kò rí owó bẹ́ẹ̀ san. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin kan, Tim Wu, ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí lórúkọ nínú ìwé tí ó kọ lọ́dún 2003, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí títí dòní.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Láti mọ ìdí tí ìjà náà fi le, ó yẹ kí a mọ òfin tí wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Lọ́dún 1934, nígbà ìjọba Ààrẹ Franklin Roosevelt, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin ìbánisọ̀rọ̀ kan, òfin yìí ni ó sì dá àjọ FCC sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ rédíò, tẹlifóònù àti wáyà. Ìlànà tí òfin náà fi lélẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù dàbí ti ọlọ́kọ̀ èrò: ẹnikẹ́ni tí ó bá san owó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọlé, iye tí a ń gbà gbọ́dọ̀ bá ẹ̀tọ́ mu, awakọ̀ kò sì gbọdọ̀ lé ẹnì kan sọ̀kalẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ràn ìrísí rẹ̀.

Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì dé, Ààrẹ Bill Clinton buwọ́ lu òfin mìíràn lọ́dún 1996. Òfin yìí pín iṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ni ti àwọn tí ń gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láti ibì kan dé ibòmíràn láìfi ọwọ́ kàn án. Àwọn wọ̀nyí ni ìlànà ọlọ́kọ̀ èrò de. Iṣẹ́ ìpèsè ìròyìn ni ti àwọn tí ń ṣe àkójọ, tí ń tọ́jú, tí ń ṣe àtúntò ìmọ̀ fún àwọn oníbàárà. Àwọn wọ̀nyí kò sí lábẹ́ ìlànà náà. Òfin kò sọ ní tààrà ọ̀wọ́ tí ilé-iṣẹ́ tí ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ilé bọ́ sí. Àlàfo kékeré yìí ni gbogbo wàhálà gbà wọlé.

Lọ́dún 2002, àjọ FCC, tí Michael Powell jẹ́ alága rẹ̀, kéde pé íńtánẹ́ẹ̀tì tí ń gba inú wáyà amóhùnmáwòrán wọlé jẹ́ iṣẹ́ ìpèsè ìròyìn. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, nígbà tí ó sì di oṣù kẹfà ọdún 2005, adájọ́ 6 nínú 9 fara mọ́ ohun tí àjọ náà ṣe. Wọn kò sọ pé òye tí FCC ní ni ó dára jù. Ohun tí wọ́n sọ ni pé òfin náà kò ṣe kedere, nítorí náà àjọ tí ó mọ iṣẹ́ náà ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti túmọ̀ rẹ̀. Adájọ́ Antonin Scalia kò gbà. Ó ní bí ilé oúnjẹ kan bá ń se pízà tí ó sì ń gbé e dé ilé oníbàárà, kò lè yíjú padà kí ó ní òun kì í ṣe iṣẹ́ agbérùdélé. Ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ kò borí. Láti ọjọ́ náà ni ó ti hàn pé ẹni tí ó bá wà lórí àléfà ní FCC ni yóò máa sọ ohun tí íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́.

ÌJÀ BẸ̀RẸ̀

Ìbẹ̀rù àwọn alátìlẹ́yìn òfin kì í ṣe àlá lásán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní ìpínlẹ̀ North Carolina, Madison River, dí ọ̀nà mọ́ iṣẹ́ Vonage, èyí tí àwọn ènìyàn fi ń pe ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní owó pọ́ọ́kú. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà yé tèwe tàgbà ni pé ẹni tí ń ta ìpè tẹlifóònù náà ni ó di ọ̀nà mọ́ ẹni tí ń bá a du ọjà. FCC dá sí i, ilé-iṣẹ́ náà sì gbà láti san 15,000 dọ́là àti láti ṣí ọ̀nà.

Lọ́dún 2007 ni àṣírí Comcast, ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ, tú pé ó ń dá ètò BitTorrent dúró lábẹ́lẹ̀. Ètò yìí ni àwọn ènìyàn fi ń pín fáìlì ńláńlá láàárín ara wọn. Comcast ní òun ń dín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà kù ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, FCC dá ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi pẹ̀lú ìbò 3 sí 2. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican ni Kevin Martin, alága àjọ náà nígbà yẹn, ó sì dìbò pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Democrat méjì. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì di ti ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2010, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Washington ní FCC kò ní agbára tí ó lò yẹn. Àjọ náà, lábẹ́ Julius Genachowski, tún ṣe ìlànà tuntun ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. Verizon pè é lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 14, oṣù kìíní, ọdún 2014, ilé-ẹjọ́ kan náà fagi lé èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn adájọ́ sọ kò lọ́jú pọ̀: FCC kò lè sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe ọlọ́kọ̀ èrò, kí ó sì tún fi òfin ọlọ́kọ̀ èrò dè wọ́n. Bí ó bá fẹ́ dè wọ́n, kí ó kọ́kọ́ yí ọ̀wọ́ wọn padà.

ỌDÚN 2015: ÒFIN DÉ

Ọ̀rọ̀ náà wá di ti gbogbo ìlú. Nígbà tí alága tuntun, Tom Wheeler, gbé àbá kan jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2014 tí àwọn ènìyàn rí i pé ó lè fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀nà àrà ọ̀tọ̀ fún àwọn olówó, àwọn ará ìlú kọ̀wé sí FCC títí iye ìwé náà fi sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́rin. Aláwàdà orí amóhùnmáwòrán, John Oliver, fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ ní oṣù kẹfà, ẹgbàágbèje ènìyàn tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí sì dìde. Ní ọjọ́ 10, oṣù kọkànlá, Ààrẹ Barack Obama rọ àjọ náà ní gbangba pé kí ó ka íńtánẹ́ẹ̀tì sí iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ 26, oṣù kejì, ọdún 2015, FCC dìbò 3 sí 2. Ó yí ọ̀wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ náà padà, ó sì fi òfin mẹ́ta múlẹ̀: ẹ má ṣe dí ọ̀nà, ẹ má ṣe dín eré kù, ẹ má ṣe gba owó ìṣáájú. Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé Wheeler, tí ó ti ṣe agbẹnusọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ oníwáyà àti ti tẹlifóònù alágbèéká rí, ni ó ṣáájú iṣẹ́ náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

ỌDÚN 2017: ÒFIN LỌ

Ọ̀rọ̀ kò parí. Ọmọ ìgbìmọ̀ 5 ni ó ń darí FCC. Ààrẹ orílẹ̀-èdè ni ó ń yàn wọ́n kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà tó fọwọ́ sí wọn, òfin kò sì gbà kí wọ́n ju mẹ́ta lọ láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Èyí túmọ̀ sí pé bí ààrẹ bá yí padà, ìbò mẹ́ta sí méjì náà yóò yíjú padà. Nígbà tí Donald Trump gorí àléfà ní oṣù kìíní ọdún 2017, ó fi Ajit Pai ṣe alága. Pai ti dìbò lòdì sí òfin ọdún 2015, ó sì ti ṣe agbẹjọ́rò fún Verizon rí. Ní ọjọ́ 14, oṣù kejìlá, ọdún 2017, wọ́n dìbò 3 sí 2, wọ́n wó òfin náà palẹ̀. Àṣẹ wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 11, oṣù kẹfà, ọdún 2018.

Kí wọ́n tó dìbò náà, ohun ìtìjú kan ṣẹlẹ̀. Ìwé tí ó wọlé láti ọ̀dọ̀ aráàlú lé ní mílíọ̀nù 22. Nígbà tí agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York, Letitia James, parí ìwádìí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ó ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 nínú wọn ni ayédèrú. Àwọn tí àwọn ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì bẹ̀ níṣẹ́ ni ó fi orúkọ onírúurú ènìyàn kọ mílíọ̀nù 8.5 láti ta ko òfin. Ní ìdà kejì, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 19 kan ṣoṣo ni ó fi ẹ̀rọ kọ èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù 7 láti gbè é lẹ́yìn, pẹ̀lú orúkọ àwọn ènìyàn tí kò sí láyé. Ohùn aráàlú tí a ní kí ó tọ́ àjọ náà sọ́nà ti di ariwo ọjà.

OHUN TÍ ÀWỌN ALÁTAKÒ Ń SỌ

A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn tí kò fẹ́ òfin yìí ní àwíjàre tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní owó gọbọi ni ó ń bá wáyà rírì sínú ilẹ̀ rìn, ẹni tí ó sì mọ̀ pé ìjọba lè bù lé òun ní iye tí òun yóò máa gbà kò ní fẹ́ ná owó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní òfin ọdún 1934 jẹ́ ti ayé ìgbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ ni gbogbo ìlú, kò sì bá ayé ìsinsìnyí mu. Wọ́n ní àjọ FTC, tí ń gbógun ti ìrẹ́jẹ nínú òwò, tó láti fìyà jẹ ilé-iṣẹ́ tí ó bá ṣe àìdáa, láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ dè gbogbo wọn lókùn.

Wọ́n tún tọ́ka sí i pé láti ìgbà tí òfin ti kúrò lọ́dún 2018, ọjọ́ burúkú tí àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ sọ tẹ́lẹ̀, pé a ó máa ra ìkànnì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ra ẹran, kò dé. Àti pé bí ó bá jẹ́ ti ẹnubodè ni, ṣé Google àti Facebook, tí wọ́n ń pinnu ohun tí ènìyàn yóò kọ́kọ́ rí, kì í ṣe oníbodè ni?

Àwọn alátìlẹ́yìn òfin fèsì pé òfin àwọn ìpínlẹ̀ àti ojú tí gbogbo ayé ń fi wò wọ́n ni kò jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ náà dán an wò. Lórí ti Google àti Facebook, wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ ìkànnì kan lè tẹ òmíràn láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo fa wáyà wọ ilé rẹ̀ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Lórí ti owó wáyà, ìhà méjèèjì ni ó ń ka iye tí àwọn ilé-iṣẹ́ ná sórí iṣẹ́ wọn, olúkúlùkù sì ń rí nínú rẹ̀ ohun tí ó gbe ẹjọ́ tirẹ̀.

ỌJỌ́ TÍ INÁ SỌ

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan mú ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí tábìlì àwọn lọ́yà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2018, iná ńlá kan tí wọ́n pè ní Mendocino Complex ń jó igbó ní ìpínlẹ̀ California. Títí di ìgbà náà, kò sí iná tí ó jó ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí nínú àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Àwọn panápaná ìjọba ìbílẹ̀ Santa Clara ní ọkọ̀ kan tí wọ́n fi ń darí àwọn òṣìṣẹ́ àti ohun èlò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí dátà tí wọ́n lò ju iye kan lọ, Verizon dín eré rẹ̀ kù títí ó fi di nǹkan bí ìdá kan nínú 200 iye tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúlò mọ́. Wọ́n bẹ ilé-iṣẹ́ náà kí ó dá a padà, èsì tí wọ́n rí gbà ni pé kí wọ́n ra ètò dátà tí ó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Verizon tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Ó ní àṣìṣe àwọn tí ń dá oníbàárà lóhùn ni, nítorí pé àṣà òun ni láti mú irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀ kúrò nígbà pàjáwìrì, àti pé kò ní ohun kan án ṣe pẹ̀lú àìṣojúsàájú. Lóòótọ́, iye dátà ni ó fa ìdíwọ́ náà, kì í ṣe yíyan ìkànnì kan ní ààyò. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́, ó bèèrè ohun kan: bí FCC ti wó òfin palẹ̀ tí ó sì yọ ọwọ́ kúrò, ta ni panápaná yóò ké sí nígbà tí iná bá ń jó? Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Washington gbà pé FCC lẹ́tọ̀ọ́ láti wó òfin náà, ṣùgbọ́n ó bá a wí pé kò ro ti ààbò ẹ̀mí aráàlú kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí ó padà lọ rò ó. Ó tún ní FCC kò lè fi àṣẹ kan ṣoṣo ka gbogbo ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ kò.

ÌPÍNLẸ̀ GBA IṢẸ́ ṢE, ILÉ-ẸJỌ́ SÌ PA ILẸ̀KÙN DÉ

Àwọn ìpínlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ìdájọ́ náà tó dé. Ìpínlẹ̀ Washington ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin tirẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 2018. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Gómìnà Jerry Brown buwọ́ lu ti California, èyí tí ó le ju ti ọdún 2015 lọ ní àwọn ibì kan. Ìjọba àpapọ̀ pè é lẹ́jọ́ ní ọjọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n ó fa ẹjọ́ náà padà ní oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn tí Joe Biden gorí àléfà. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ láti dá a dúró.

Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹrin, ọdún 2024, FCC tún dìbò. Jessica Rosenworcel ni alága, ìbò sì tún jẹ́ 3 sí 2. Òfin ọdún 2015 padà wá, ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹfà ọdún náà, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fagi lé ìlànà tí ó ti wà láti ọdún 1984, pé bí òfin kò bá ṣe kedere, kí àwọn adájọ́ gba ìtumọ̀ tí àjọ ìjọba fún un. Ìlànà yìí kan náà ni gbogbo ìdájọ́ ọdún 2005 dúró lé. Ní ọjọ́ 2, oṣù kìíní, ọdún 2025, àwọn adájọ́ 3 ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kẹfà ka òfin náà fúnra wọn, wọ́n ní iṣẹ́ ìpèsè ìròyìn ni íńtánẹ́ẹ̀tì, FCC kò sì ní agbára láti pè é ní nǹkan mìíràn. Òfin tún lọ. Ti àwọn ìpínlẹ̀ ni ó kù.

ÀWỌN ORÍLẸ̀-ÈDÈ MÌÍRÀN ÀTI NÀÌJÍRÍÀ

Kì í ṣe gbogbo ayé ni ó gba ọ̀nà Amẹ́ríkà. Ní Chile, àwọn aṣòfin fúnra wọn ni wọ́n ṣe òfin àìṣojúsàájú lọ́dún 2010, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é lágbàáyé. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2015. Ní Íńdíà, àjọ tí ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ fi òfin de títa dátà ní iye tí ó yàtọ̀ nítorí ìkànnì tí ènìyàn ń wò, ní ọjọ́ 8, oṣù kejì, ọdún 2016. Ètò Free Basics tí Facebook gbé kalẹ̀ ni òfin náà kọlù jù. Ètò náà ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn wọ ìkànnì díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n Facebook ni ó ń pinnu ìlànà tí ìkànnì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé kí ó tó wọlé.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016 kan náà, Facebook àti Airtel gbé Free Basics wọ Nàìjíríà, níbi tí ó ti jẹ́ pé orí fóònù alágbèéká ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan rí i bí oore fún ẹni tí kò lówó dátà. Àwọn kan rí i bí ọgbà tí a fi ògiri yí ká. Àjọ NCC gbé ìlànà kan jáde fún iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2019, ọ̀rọ̀ àìṣojúsàájú sì wà lára ohun tí ó fọwọ́ bà.

Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tí ẹjọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà fi kan ọmọ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹfà, ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun ti dá iṣẹ́ Twitter dúró. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù gba àṣẹ, wọ́n sì dí ọ̀nà. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Àwọn tí ń fi ibẹ̀ ta ọjà tí kò mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú jókòó pẹ̀lú ọjà wọn. Ọjọ́ 13, oṣù kìíní, ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Ní oṣù keje ọdún náà, ilé-ẹjọ́ ECOWAS dá a lẹ́jọ́ pé ohun tí ìjọba ṣe lòdì sí òfin.

Ìtàn yìí fi ìyàtọ̀ kan hàn tí àríyànjiyàn Amẹ́ríkà máa ń bò mọ́lẹ̀. Ohun tí a ń pè ní ìdásí ìjọba jẹ́ oríṣi méjì. Ọ̀kan ni òfin tí ó sọ fún oníbodè pé, má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Èkejì ni àṣẹ tí ó sọ fún oníbodè kan náà pé, ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí ń bẹ̀rù èkejì kò ṣe àṣejù, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó fi ìbẹ̀rù náà sọ èkíní di ọ̀tá. Òfin tí ó dára yóò de ọwọ́ ilé-iṣẹ́, yóò sì de ọwọ́ ìjọba pẹ̀lú.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ DÉ

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà kò fẹnu kò lórí gbólóhùn kan ṣoṣo tí yóò sọ ohun tí íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́ lójú òfin. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà dìbò 52 sí 47 láti dá òfin ọdún 2015 padà, ṣùgbọ́n ilé aṣojú-ṣòfin kò gbé e yẹ̀ wò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ilé aṣojú-ṣòfin dìbò 232 sí 190 fún irú rẹ̀, ilé àgbà ni kò fọwọ́ kàn án lọ́tẹ̀ yìí. Nítorí náà, ìbò mẹ́ta sí méjì ni ó gbé òfin wá, ìbò mẹ́ta sí méjì ni ó gbé e lọ, títí àwọn adájọ́ fi gba ìbò náà kúrò lọ́wọ́ FCC.

Ìdájọ́ ọdún 2025 kò sọ pé àìṣojúsàájú burú. Ohun tí ó sọ ni pé àwọn tí ó fi í lélẹ̀ kọ́ ni òfin fún láṣẹ. Bí àwọn ará Amẹ́ríkà bá fẹ́ kí ẹnubodè náà wà ní ṣíṣí fún gbogbo èrò, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni wọn yóò ti bèèrè rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n dìbò yàn. Títí di ìgbà náà, ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ni yóò máa sọ bóyá òfin wà tí ó dáàbò bò ó lọ́nà ọjà, tàbí inú rere oníbodè nìkan ni ó gbójú lé.